Àga Tí Ọmọ Zaria Fi Sílẹ̀: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Jókòó Lé E?

Àwọn àgbà a máa wí pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe náà rọrùn láti pa nígbà tí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí gbogbo ará ilé sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan bá ní ọmọ náà kò tíì lágbára tó ńkọ́? Bí àwọn mìíràn bá sì ní ó sàn kí wọ́n lọ wú ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko ẹlòmíràn wá gbìn síbẹ̀ ńkọ́? Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ni ó bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Toronto, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ní ọjọ́ 27, oṣù kẹfà, ọdún 2025. Ọjọ́ náà ni àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ Toronto Raptors, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n jẹun, kéde pé Masai Ujiri, ààrẹ ẹgbẹ́ náà, kò ní bá wọn ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọdún méjìlá.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni, pé ó jìnnà réré sí àwọn tí ń gbé ní Sábọ́n Gàrì, Tudun Wada tàbí Samaru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Zaria, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, ni wọ́n ti tọ́ Masai Ujiri dàgbà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó dìde kúrò lórí àga náà sì ní ẹ̀kọ́ nínú fún gbogbo ẹni tí ó ti jókòó rí nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè pé, "Ta ni kí á fi ṣe olórí?"

ỌMỌ ÀLEJÒ NÍ ÌLÚ ZAZZAU

Ìlú Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí Ujiri sí ní ọdún 1970. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀; ọmọ ilẹ̀ Kenya ni ìyá rẹ̀, dókítà oníṣègùn sì ni. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ ti kó wá sí Zaria. Zaria yìí, tí í ṣe ìlú Zazzau àtijọ́, ìlú Ọbabìnrin Àmínà, ti di ibùgbé àwọn àlejò láti ọ̀nà jíjìn. Ojú irin mú ọ̀pọ̀ wá. Yunifásítì Ahmadu Bello, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, sì tún mú ọ̀pọ̀ wá sí i. Ilé àlejò ni Ujiri ti dàgbà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sábọ́n Gàrì, tí wọ́n gbọ́ Hausa bí ẹni mu omi.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ìgbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ó gba ti alájùsáwọ̀n mọ́ra. Lẹ́yìn èyí ni ó kọjá sí Amẹ́ríkà láti kàwé, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ North Dakota. Ó tún fi ọdún mélòó kan gbá a kiri ilẹ̀ Yúróòpù. Kò di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú eré náà. Ní ọdún 2002, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ Orlando Magic wá àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá kiri láìgba kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ Denver Nuggets ni ó kọ́kọ́ san owó fún un lórí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2007 ó lọ sí Toronto; ní ọdún 2010 Denver pè é padà, wọ́n sì fi í ṣe alákòóso àgbà, ipò tí wọ́n ń pè ní jẹ́nẹ́rà máníjà. Kò sí ọmọ Áfíríkà kankan tí ó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ nínú àwọn líìgì ńláńlá Àríwá Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2013, lẹ́yìn tí Denver borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 57 nínú 82, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò fún un gẹ́gẹ́ bí alákòóso tí ó ṣe dáadáa jù lọ lọ́dún náà. Kò pẹ́ tí Toronto fi wá mú un lọ.

KÍ NI IṢẸ́ ÀGA NÁÀ?

Ó yẹ kí á mọ iṣẹ́ tí ń bẹ lórí àga kan kí á tó máa jiyàn lórí ẹni tí yóò jókòó lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa da alákòóso àgbà pọ̀ mọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Alásè ni akọ́nimọ̀ọ́gbá: ohun tí ó bá bá nínú ilé ìdáná ni ó fi ń se ọbẹ̀. Alákòóso àgbà ni ẹni tí ó gba owó lọ sí ọjà. Òun ni ó ń yan agbábọ́ọ̀lù, tí ó ń fi èyí pààrọ̀ tọ̀hún pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, tí ó ń bá wọn dá owó, tí ó sì ń gba akọ́nimọ̀ọ́gbá síṣẹ́ tàbí kí ó lé e lọ. Bí ẹni tí ó lọ sọ́jà bá ra ẹja jíjẹrà wálé, ìbáà jẹ́ alásè tí ó mọ ọbẹ̀ í sè jù lọ ní ìlú, kí ni yóò ṣe sí i?

Owó ọjà yìí kò sì jẹ́ ti ìnákúnàá. Líìgì NBA a máa fi gbèdéke sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fi san owó agbábọ́ọ̀lù. Ní sáà 2025 sí 2026, gbèdéke náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 155 owó dọ́là. Ẹgbẹ́ olówó kò kàn lè fi owó gba gbogbo akọni kó sínú àpò ara rẹ̀. Ojú àti òye ni yóò lò. Lọ́dọọdún ni wọ́n tún máa ń tò láti ṣa àwọn ọ̀dọ́ tuntun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2013, ọ̀dọ́ 14 ni wọ́n ti mú kí ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks tó mú Giannis Antetokounmpo, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí àwọn Gíríìkì kọ Adétòkunbọ̀ rẹ̀ ní ìlànà tiwọn. Ọmọ tí gbogbo àwọn yẹn fojú fò ni ó gba ife ẹ̀yẹ fún Milwaukee ní ọdún 2021. Ojú tí ó ríran jìnnà ni à ń wá lórí àga yìí.

Ní Toronto, wọ́n ti pín iṣẹ́ náà sí méjì láti ọdún 2016. Ujiri wà lókè gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Alákòóso àgbà wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 2017, Bobby Webster ni ó wà ní ipò alákòóso àgbà náà. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ó dé pọ̀ nígbà tí Ujiri lọ: ta ni yóò gba ipò ààrẹ, ǹjẹ́ Webster tó ẹni tí a lè gbé gbogbo ẹrù lé lórí?

ÌṢIRÒ ỌDÚN MÉJÌLÁ

Bí Ujiri ti dé Toronto ní ọdún 2013, sáà márùn-ún gbáko ni ẹgbẹ́ náà ti lò láìdé ìpele ìfigagbága fún ife ẹ̀yẹ. Sáà méje tí ó tẹ̀lé e, wọn kò pàdánù ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n wọ́n a máa dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n a sì padà sẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta léra wọn, 2016, 2017 àti 2018, ni ẹgbẹ́ Cleveland lé wọn sílé.

Ìgbà náà ni Ujiri ṣe ohun tí ó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ó lé Dwane Casey, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò fún gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dára jù lọ ní sáà náà. Ó tún mú DeMar DeRozan, ààyò àwọn ará Toronto, ó fi pààrọ̀ Kawhi Leonard, ẹni tí ó ku ọdún kan péré nínú àdéhùn rẹ̀, tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti inú ìfarapa. Àwọn ènìyàn kígbe pé ó ti ta ọmọ ilé fún àlejò ọ̀sán kan. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹfà, ọdún 2019, Toronto borí Golden State Warriors ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin sí méjì, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ NBA. Kò sí ẹgbẹ́ kankan láti òde Amẹ́ríkà tí ó gba ife náà rí. Leonard di ẹrù rẹ̀ lóòótọ́ lẹ́yìn oṣù kan, ṣùgbọ́n ife ti wọlé.

Ìyẹn ni apá kan ìwé ìṣirò náà. Apá kejì kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ní sáà mẹ́ta tí ó ṣáájú kí Ujiri tó kúrò, Toronto kò dé ìpele ìfigagbága náà rárá. Ní sáà 2023 sí 2024, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 25 ni wọ́n borí nínú 82. Ní èyí tí ó tẹ̀lé e, 30 péré. Ẹni tí ó ń wo ọdún 2019 rí i bí akọni tí wọ́n lé kúrò nílé tí ó kọ́. Ẹni tí ó ń wo ọdún 2025 ní àsìkò ti tó.

ỌMỌ ILÉ TÀBÍ ÀLEJÒ?

Ìhà kìíní nínú àríyànjiyàn náà ni ti àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fa ọmọ ilé kalẹ̀. Webster ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ọmọ erékùṣù Hawaii ni; ọ́fíìsì líìgì gan-an ni ó ti kọ́ṣẹ́, níbi tí ó ti mọ òfin owó àti àdéhùn dénú, kí ó tó wá sí Toronto ní ọdún 2013. Ó mọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù, ó mọ gbogbo àdéhùn, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ife. Wọ́n ní ẹni tí ó ti ń fọ àwo nínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó mọ èyí tí ó ti là.

Ìhà kejì fèsì pé ìdí yẹn gan-an ni kò fi yẹ. Bí òrùlé bá ń jò, ọwọ́ ẹni tí ó bá wọn kàn án wà níbẹ̀. Wọ́n ní ojú àlejò ni ó ń tètè rí ìdọ̀tí tí onílé ti fojú fò.

Ìhà méjèèjì ni ó ní ẹ̀rí, ẹ̀rí náà sì wà ní Denver, oko tí Ujiri fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀ ní ọdún 2013, àlejò ni Denver mú: Tim Connelly, láti New Orleans. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Connelly mú Nikola Jokić, ọmọ ilẹ̀ Serbia, ní ipò kọkànlélógójì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Nígbà tí Connelly náà lọ sí Minnesota ní ọdún 2022, ọmọ ilé ni wọ́n fa kalẹ̀: Calvin Booth, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2023 Denver gba ife ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Àlejò gbìn ín, ọmọ ilé kórè rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n lé Booth náà lọ, òun àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọjọ́ kan náà.

Toronto kò sì ní láti rìn jìnnà kí wọ́n tó rí àlejò tí kò bọ́ sí i. Ní ọdún 2004, wọ́n mú Rob Babcock wá láti Minnesota. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi Vince Carter, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà, ránṣẹ́ sí New Jersey, ohun tí ó gbà padà kò sì tẹ́ àwọn ènìyàn lọ́rùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 wọ́n dá a dúró.

ẸNI TÍ Ó TI GBÁ BỌ́Ọ̀LÙ RÍ ŃKỌ́?

Ìhà kẹta ní kí wọ́n fi ipò náà fún ògbólógbòó agbábọ́ọ̀lù, nítorí pé ẹni tí ó bá ti jìjàdù rí ni ó mọ orúnkún tí ń dunni. Èyí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Isiah Thomas, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ eré náà jù lọ nígbà ayé rẹ̀, ni alákòóso àgbà àkọ́kọ́ tí Toronto ní. Ojú rẹ̀ sì mú nínú ṣíṣa àwọn ọ̀dọ́. Òun ni ó mú Damon Stoudamire, Marcus Camby àti Tracy McGrady. Wayne Embry, tí òun náà jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di alákòóso àgbà nínú NBA, ní Milwaukee, ní ọdún 1972; ó sì ti di àga Toronto mú díẹ̀ ní ọdún 2006 kí wọ́n tó rí ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n orúkọ ńlá a máa tan ènìyàn jẹ. Àwọn ọmọ Yorùbá kò ní gbàgbé Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, tí ó gba ife fún Houston ní ọdún 1994 àti 1995. Toronto ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, ní sáà 2001 sí 2002. Inú gbogbo ènìyàn dùn nígbà tí ó dé. Àmọ́ ọjọ́ orí kò mọ akọni. Ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn tí ó ti gbé Houston kò lè gbé Toronto mọ́. Orúkọ ni wọ́n rà; agbára ti kù sí Houston. Ohun kan náà ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá fi ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jókòó sórí àga tí ó ń fẹ́ onísùúrù tí yóò máa ka àdéhùn títí di ọ̀gànjọ́ òru. Ujiri àti Webster, tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ife wọlé, kò sí èyí tí ó gbá bọ́ọ̀lù NBA rí nínú wọn.

ẸNI TÍ Ó NI ILÉ NI Ó FỌHÙN

Bí àwọn ará ìlú ti ń jiyàn, ohun kan wà tí àríyànjiyàn kò lè yí padà: ẹgbẹ́ náà ní ẹni tí ó ni ín. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù keje, ọdún 2025, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ìkéde náà, ilé-iṣẹ́ Rogers parí ríra ìpín ilé-iṣẹ́ Bell nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ni Raptors, ìpín tirẹ̀ sì di 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Onílé tuntun a máa fẹ́ to àga bí ó ti wù ú.

Wọ́n ti kọ́kọ́ ní àwọn yóò wá ààrẹ tuntun, wọ́n sì gba àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n jáwọ́ nínú wíwá a. Webster ni wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún, pẹ̀lú àdéhùn tuntun, gẹ́gẹ́ bí alákòóso àgbà. Àga ààrẹ, wọn kò fi ẹnikẹ́ni sí i. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ìdúró ìyá rẹ̀ ni wọ́n gé kúrú.

Bóyá wọ́n ṣe é re tàbí wọn kò ṣe é re, ìkórè ni yóò sọ. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé lójú gbogbo àríyànjiyàn náà, kò sí ọjọ́ kan tí ẹgbẹ́ náà pín sí méjì. Kò sí agbábọ́ọ̀lù tí owó rẹ̀ dúró. Kò sí ìdíje kankan tí wọ́n pàdánù nítorí pé ẹni méjì ń fa àga kan náà.

NÍGBÀ TÍ ÌJÀ ÀGA DÉ ILÉ

Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa tiwọn. Láti ọdún 2017 ni ìjà ti wà lórí ẹni tí yóò jẹ́ olórí àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n orílẹ̀-èdè yìí. Ìhà méjì ni ó dúró, kálukú ní òun ni ẹni tí ìdìbò gbé wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ tú gbogbo rẹ̀ ká: wọ́n kéde pé Nàìjíríà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdíje àgbáyé nínú eré náà fún ọdún méjì.

Ta ni ó jìyà rẹ̀? Kì í ṣe àwọn tí ń jà. Àwọn obìnrin D'Tigress, tí wọ́n ti gba ife Áfíríkà ní ọdún 2017, 2019 àti 2021, ti gba ààyè láti lọ sí ìdíje ife àgbáyé ní ìlú Sydney, ní Ọsirélíà. Àjọ àgbáyé mú ààyè náà fún Mali. Ìjọba yí ìpinnu rẹ̀ padà nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àwọn obìnrin náà jókòó sílé. Bí wọ́n ti jẹ́ akíkanjú, wọ́n padà wá gba ife Áfíríkà ní ọdún 2023 àti 2025, wọ́n sì dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Paris ní ọdún 2024, ibi tí ẹgbẹ́ alájùsáwọ̀n láti Áfíríkà kò dé rí. Ẹni tí ó bá ronú lórí èyí yóò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọn ì bá ti ṣe ní Sydney.

Ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ìdálẹ̀ mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Níbi tí oyè tàbí ipò alága bá ti sọ ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ di méjì, ọjọ́ tí òkú bá kú tàbí tí àìsàn bá dé ni àlejò ń mọ̀ pé òun kò ní ẹgbẹ́ kankan. Nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, orúkọ ènìyàn ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu. Ìbéèrè nípa iṣẹ́ a sì kẹ́yìn. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí á yí i padà. Kí á kọ́kọ́ fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí ń bẹ níbẹ̀, lórí ẹni tí ó ní àṣẹ láti yan olórí, àti lórí iye ọdún tí a ó fún un kí á tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí a bá ti ṣe èyí tán, orúkọ kò ní pọ̀ mọ́ lórí tábìlì, ẹni tí wọn kò bá sì mú yóò lè bá ẹni tí wọ́n mú ṣiṣẹ́.

Ní ti Ujiri, kí ó tó ní àga ńlá kankan ni ó ti ń ṣe ohun tí ó wù ú. Ọdún 2003, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹnu iṣẹ́ wíwá agbábọ́ọ̀lù kiri, ni òun àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Giants of Africa sílẹ̀, láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní eré náà. Ní ọdún 2023 wọ́n kó àwọn ọmọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ sí Kigali, ní Rwanda, láti fi ṣe àjọ̀dún ogún ọdún. Àga Toronto kọ́ ni ó bí iṣẹ́ yẹn, kíkúrò lórí rẹ̀ kò sì lè pa á. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan lè wà ní Zaria lónìí tí ó ń ju bọ́ọ̀lù sí àwọ̀n tí ó ti ya; kò béèrè ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ ní Toronto. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí àwọn àgbà má fi ìjà àga ba pápá jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.